Fèrèsé Kékeré Ìsàlẹ̀ Ògiri

Òórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn, òun àti òórùn mọ́ínmọ́ín tó ń jáde látinú kúlà àwọn ìyá ìjọ wa. Láti Peckham, níbi tí à ń gbé nílùú òyìnbó, ni bọ́ọ̀sì ti gbé wa lọ sí abúlé kan ní Kent, káwọn obìnrin lè lọ gbatẹ́gùn. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ lọ. Ìyá ọkọ mi ló fipá mú mi. "Ìjókòó sójú kan ló máa pa ọ́. Wọ bàtà, jàre!" Ta ló tó bá Mummy jiyàn?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín wa fún ọ. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, mo bí ọmọbìnrin kan tí kò sunkún rárá. Ó ti kú kó tó jáde. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí lorúkọ ẹ̀, kí n tó lanu, Mummy ti dáhùn pé àwọn kì í sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, kó má baà padà wá dá wa lóró. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, obìnrin tó bá bímọ kì í wọlé àdúrà títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé. Ọjọ́ tèmi pé, ó tiẹ̀ kọjá, mi ò wọlé. Ìta wèéháòsì, ilé ìkẹ́rùsí tí a fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road nítòsí Peckham, ni mo máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń fọ mọ́tò. Wọ́n ní mò ń bínú sí Ọlọ́run. Irọ́ ni! Mummy ni mò ń bínú sí. Mo ti mú orúkọ kan fún ọmọ mi, wọn ò jẹ́ kí n pè é.

Bàbá òyìnbó tó ń mú wa kiri fi fèrèsé kan hàn wá lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lábúlé náà. Ó kéré, kò ní gíláàsì, ó sì wà nísàlẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ lóṣòó kó tó lè yọjú wo inú. Ó ní àwọn kan sọ pé àwọn adẹ́tẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé ló ń gba ibẹ̀ wo àlùfáà. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lu agogo sí àwọn tó wà níta. Àwọn míì ní ẹni tó wà níta ló ń gba ibẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ká má da ara wa láàmú, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá kan ní òun mọ̀, ihò ológbò ni. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Òkúta etí fèrèsé náà ti dán, ọwọ́ èèyàn ló pa á dán bẹ́ẹ̀, mo sì ń rò ó pé àwọn tó di ibẹ̀ mú ò wá ṣeré.

Àwọn ìyá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe nínú ìjọ wa, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta tútù, bàbá òyìnbó ń wò wọ́n tìyanutìyanu. Èmi dúró síta bí ìṣe mi. Mo lóṣòó ti fèrèsé yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan rọra kúnlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

"Ìyàwó mi."

"Mà?"

Ohùn Mummy ni. Mo ń gbọ́ mímí wọn.

"Kí lo fẹ́ sọ ọ́?"

Háà! Omi bọ́ lójú mi. "Ìkẹ́olúwa, mà."

Mo rò pé wọ́n á ní kí n panu mọ́. Ṣe ni wọ́n dìde, wọ́n pe orúkọ náà sókè gan-an, bí a ṣe ń pè é lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn ìyá tó kù ò béèrè pé ta ni. Wọ́n gbà á lẹ́nu Mummy, gbogbo wọn pa pọ̀: "Ìkẹ́olúwa!"

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé lọ bá wọn.

Mi ò mọ ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe fèrèsé yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mi ní orúkọ, àti pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pè é.