Katakata Tí A Rà fún Ẹsẹ̀ Òsì

Ọkọ mi kì í ṣe àgbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Awọnlẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá sí Àbújá nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, àpáta àti abúlé àwọn Gwárí. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Kújè dé Gwàgwàládà láìmọye ìgbà, ó sì mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mowó. Èmi àti àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin, mò ń ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ti jọ fẹnu kò pé bí wọ́n bá kọ́lé fáwọn òṣìṣẹ́ tán, a ó kó wá bá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ló gbé mi wá. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ló dojú dé, tó sì ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́.

Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n láti orúnkún wálẹ̀ ó rù, kò sì lágbára mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìjọba ní kó lọ sinmi nílé, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Èmi rò pé a ó padà sí Ìlọrin. Òun kọ̀. Ó ní òun ò ní wọn ilẹ̀ fún gbogbo ayé tán kí òun má ní ibi tí òun ń gbin iṣu sí.

Bàbá Gwárí kan wà lẹ́yìn Kújè, àgbàlá rẹ̀ ni ọkọ mi pa àgọ́ sí nígbà tó ń wọn ilẹ̀ agbègbè náà. Bàbá yìí fún un ní ilẹ̀ láàárín odò àti òkè olókùúta, pé kó máa dáko níbẹ̀. A kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí i, mo sì gba ìwé láti máa kọ́ni ní ilé ìwé tó sún mọ́ wa.

"Ta ni yóò máa ro oko tó tó báyìí?" ni mo bi í.

"Katakata," ló dá mi lóhùn.

Ó ti yà á sórí ìwé, bí ó ṣe máa ń ya àwòrán ilẹ̀: katakata ńlá tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju èèyàn lọ, pẹ̀lú àwo irin mẹ́ta tí ń túlẹ̀ nídìí rẹ̀. Irú èyí ló rí nígbà tó wà léwe, ní oko ìjọba kan nítòsí ìlú wọn, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mo wo àwòrán náà, mo sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

A lọ sí Kàdúná lọ wo ọ̀kan. Mẹkáníìkì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kújè bá wa lọ, nítorí àwa méjèèjì ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Katakata náà tóbi lóòótọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gùn ún wò," ni mẹkáníìkì wí.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ dáko ni?"

Ọkọ mi gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi. Ó di irin mú, ó fi agbára apá fa ara rẹ̀ gòkè. Wọ́n ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì dún. Ó kù kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń tẹ̀ kí jíà tó wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, kò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin náà lọ díẹ̀, ó yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, katakata ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

Ará Hausa tó ń tà á sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí i, ó rọra wí pé, "Sànnu, sànnu." Ọkọ mi gbọ́ Hausa dáadáa. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí èèyàn ni wọ́n tún fi ń kẹ́dùn fún ẹni tí nǹkan ń dùn. N kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí, kódà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

"Ìjókòó rẹ̀ kò dára," ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni mẹkáníìkì dáhùn.

Títí a fi délé, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ katakata. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé lójú fèrèsé, ó tún fa bébà àwòrán rẹ̀ yọ. Mo rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Dádì, ẹsẹ̀ yín kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì katakata yẹn."

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ojú mi ló rí i. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó bá ẹsẹ̀ yín mu."

"Ìwọ náà ti wá ń pè mí ní arọ."

"N kò pè yín ní arọ. Ẹni tó fẹ́ roko ni mo pè yín."

Ó dìde, ó wọlé lọ. Kò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ó yẹ kí n ti rọra sọ ọ̀rọ̀ náà. Títí di òní, n kò mọ bí ǹ bá ti sọ ọ́.

Mẹkáníìkì ló yà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi ló dojú kọ, ṣùgbọ́n ó gbóhùn sókè kí ẹni tó wà nínú ilé lè gbọ́. Ó ní àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ní Sùléjà ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílùú wọn, wọ́n sì ní katakata kékeré kan tí wọ́n fi ń gé koríko àyíká ilé wọn.

"Kò ga ju àyà yín lọ, Màmá. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fúyẹ́, ẹ lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Ọkọ mi sọ láti inú pé, "Ta ló ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe fún wọn?" Mo mọ̀ pé ó ti gbà.

Ní Sùléjà, ó wo katakata náà bí ẹni tí wọ́n gbé ìṣeré ọmọdé fún. Ṣùgbọ́n ó gùn ún láìsí ìrànlọ́wọ́. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, irin náà lọ sísàlẹ̀. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wà á yí ọgbà náà po, nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà sọ́dọ̀ wa kó tó rántí béèrè ọ̀pá rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ló wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn nídìí: àwo irin tí ń túlẹ̀, irin tí ń kọ ebè, irin tí ń gé koríko, àti tírélà kékeré kan. Òyìnbó tó ń tà á ní méjì péré ni òun lè fi sílẹ̀, torí ẹlòmíì ti bá òun sọ̀rọ̀ nípa ìyókù, ṣùgbọ́n a lè ṣa èyí tó wù wá. Ọkọ mi tọrọ ọjọ́ díẹ̀.

Bàbá Gwárí ló bá wa yọ ọ̀kan kúrò. Nígbà tó gbọ́ nípa àwo irin tí ń túlẹ̀, ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sí àárín ilẹ̀ tí a fẹ́ ro, ó gbẹ́ ihò. Ilẹ̀ dúdú wá, kò jìn ju gígùn ìka kan lọ, lẹ́yìn náà òkúta pupa ni. Ó gbẹ́ ihò mìíràn níwájú, bákan náà ni. Ó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ ní Hausa, ọkọ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní irin yẹn yóò gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè, yóò sì rán ohun tí iṣu ń jẹ lọ sísàlẹ̀."

A mú irin ìkọbè. Ó wá ku ọ̀kan. Ọkọ mi fẹ́ irin ìgékoríko, nítorí ejò. Èmi ní ká mú tírélà.

"Kí la fẹ́ fi kó?"

"Omi."

"Omi kò jìnnà sí wa. Mo wọn ibẹ̀."

N kò bá a jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo gbé garawa, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi lọ sódò. Ọ̀nà náà da gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí a ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dúró mí. Àwọn obìnrin Gwárí ń kọjá lára wa, ìkòkò omi wà léjìká wọn, wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Èmi wà níwájú, omi ń ro sí mi lọ́rùn, n kò wẹ̀yìn.

Ó jókòó sórí àga lójúde, ó ń nu ojú. "Mo wọn ilẹ̀ yìí láti òkè dé odò," ló wí. "Bí ẹyẹ ṣe ń fò ni mo wọ̀n ọ́n. N kò wọn ọ̀nà tí ẹ̀yin obìnrin ń gbà." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Tírélà ni ká mú."

Ebè ọdún àkọ́kọ́ wọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fa ìlà títọ́ dúró nídìí oko, ojú ń tì í. Bàbá Gwárí ní iṣu kò mọ ìlà, ó sì rí bẹ́ẹ̀, iṣu ọdún náà ta. Tírélà gbé àgbá omi fún wa àti fún ilé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà ìkórè, ó gbé ọkà bàbà àwọn ará abúlé wálé.

Ọdún mẹ́rin ló fi wà á. Ní ọdún karùn-ún, ẹsẹ̀ náà kò lè tẹ èyí tó fúyẹ́ náà mọ́. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó pè mí jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n gùn ún. Èmi tí n kò wa kẹ̀kẹ́ rí. Ó jókòó sínú tírélà lẹ́yìn mi, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ń fi í júwe ọ̀nà.

"Tẹ̀ ẹ́. Rọra. Jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

A lọ sódò, a pọnmi, a sì gòkè padà láìdúró.