Ike Tí Kò-gbọdọ̀-jò Dé Pinpin

Púlọ́mbà ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Kò-gbọdọ̀-jò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀rọ omi tó bá fọwọ́ kàn kì í jò mọ́. Ilé tirẹ̀ nìkan ló jò: ìyàwó rẹ̀ bá ibẹ̀ jáde, ó mú ọmọbìnrin wọn dání.

Àdéhùn wọn ni pé kí ọmọ máa wá kí baba rẹ̀ ní Sátidé. “Ọjọ́ tí mo bá rí egbò kékeré lára ẹ̀,” ìyá ọmọ wí, “ọjọ́ náà ló parí.”

Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méje. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó jókòó sórí àga bí aláìsàn tó ń retí dókítà, ó ń béèrè ìgbà tí Mọ́mì máa dé. Baba jó, ó ké bí ewúrẹ́. Ọmọ wò ó tàánútàánú. Nígbà tí ọgbọ́n tán, ọkùnrin yìí yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Síǹkì ilé ìdáná ti dí, ló bá da sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú ihò rẹ̀, ó bu omi kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà lé e. Ó hó ṣùù, ìfófòó funfun rú jáde. Ọmọ fò dìde.

“Dádì! Ẹ tún un ṣe!”

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ ìfófòó nìyẹn. Wọ́n ṣe é nínú ife, wọ́n ṣe é nínú bàtà òjò baba. Ọmọ ò béèrè Mọ́mì mọ́, baba wá ń yan bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́, inú ike omi ni wọ́n ti ṣe é. Ìfófòó rú láti ẹnu ike, ó ṣàn sórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara baba ò gbà á. Ọmọdé rí eré. Púlọ́mbà rí nǹkan tó ń jò. Ó gbá ike mú, ó wé téépù funfun mọ́ ọn lẹ́nu bó ṣe ń wé e mọ́ páìpù, ó sì dé e pinpin.

“Ó tán,” ló wí. “Kò lè jò mọ́.”

Lóòótọ́, kò jò. Ó wú. Ọmọ sún mọ́ ọn láti wo bó ṣe ń wú, ike sì bẹ́ gbàù. Fínígà ta sí i lójú.

Baba gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ojú náà, ẹkún ọmọ gba gbogbo ilé. Ojú ṣì pọ́n bí ata nígbà tí ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

“Kí ló ṣe ọmọ mi lójú?”

“Mo ṣubú ni, Mọ́mì,” ọmọ yára dáhùn. “Mo ń sáré. Dádì ní kí n má sáré.”

Irọ́ náà gún régé. Ìyá pòṣé, ó fa ọmọ aláìgbọràn lọ́wọ́ jáde. Baba ti ilẹ̀kùn. Sátidé ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti padé kó tó rò ó pé, bí ojú náà bá burú sí i, ọgbẹ́ ìṣubú ni nọ́ọ̀sì á máa wá. Ta ló máa ronú kan fínígà?

Ó sáré bá wọn lẹ́nu ọkọ̀. “Kò ṣubú o. Fínígà ló ta sí i lójú. Èmi ni mo dé ike. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.”

Ìyá ọmọ ò bú u. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Ojú náà san. Ilé ìyá ọmọ ni wọ́n ti ń pàdé báyìí, ní pálọ̀, ìyá ìyàwó jókòó sáàárín wọn, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò tàn. Ọmọ rọra na ọrùn sí baba rẹ̀.

“Mo ti bá yín parọ́ dáadáa, Dádì. Kí ló dé tẹ́ ẹ bà á jẹ́?”

Púlọ́mbà náà na ọrùn sí etí ọmọ.

“Ẹ sọ̀rọ̀ sókè,” ìyá ìyàwó wí, “kí gbogbo wa lè gbọ́.”