Pèrègún Tí Mo Gbìn Lẹ́bàá Òkúta Bàbà

Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa nítorí àwọn tó ń kó ìrẹsì òkèèrè wọlé, àpò ìrẹsì ni mo fi ń kó òkúta. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Gbogbo ibi tí ṣọ́jà bá ti na igi sójú ọ̀nà láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ayétòrò ni wọ́n ti ń sọ̀ mí kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n á ní kí n tú ẹrù mi. Wọ́n á fọwọ́ kan òkúta, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á tún fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni mò ń kọ́, ọdún yìí ni mo sì máa ṣe àṣekágbá. Ó ní ìyẹn kọ́ ni òun béèrè.

Ọmọ Ìlaró ni mí. Lọ́dọ̀ wa, téèyàn bá gbẹ́ kànga, yanrìn ló máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà amọ̀, bóyá òkúta ẹfun nísàlẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ tí òkun kó jọ nígbà láéláé ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá kọjá Ayétòrò, tó ń lọ sápá Ìmẹ̀kọ àti Ìwòyè-Kétu, irú ilẹ̀ yẹn á tán. Àpáta gidi, èyí tó ti wà kí òkun yẹn tó dé rárá, á wá máa yọrí díẹ̀díẹ̀ láàárín igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí n lọ, kí n ya àwòrán ilẹ̀ náà, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Mo rìn nínú igbó yẹn títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi ṣí.

Abúlé kan tí ilé rẹ̀ ò pọ̀ ni mo wọ̀ sí, lọ́dọ̀ bàbá àgbẹ̀ kan tó fún mi ní yàrá, tó ń fún mi lóúnjẹ, tí kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Olókùúta ló ń pè mí. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni òun mọ̀ tí wọ́n máa ń rán lọ fọ́ òkúta, òun ò mọ̀ pé wọ́n tún ń lọ yunifásítì nítorí ẹ̀.

Ẹ̀yìn oko bàbá yìí ni mo ti rí i. Àpáta kan ló yọrí níbẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé sì là á láàárín. Ọkàn mi fò. Bàbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló gbé e wọ inú ẹ̀là àpáta nígbà tí ènìyàn kankan ò tíì sí láyé. Nígbà tí òjò àti atẹ́gùn wá bá a, ó ta àwọ̀ ewé, bí ẹ̀gbà ọwọ́ bàbà tó ti pẹ́ nínú àpótí ṣe máa ń ṣe. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ṣé irú èyí tí òyìnbó máa ń wá ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Orí ààlà oko Bàbá ni àpáta náà wà. Ẹnì kejì tó ni ilẹ̀ tó kù ni àbúrò Bàbá lóbìnrin, opó, tí gbogbo abúlé ń pè ní Màmá. Bàbá tó bí wọn ló pín ilẹ̀ náà fún àwọn méjèèjì, tó sì gbin pèrègún mẹ́ta sí àárín láti fi ṣe àmì ààlà. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, òdìkejì ni Màmá ti máa ń lọ ta gàrí, tó ń gba owó sẹ́fà bọ̀. Báyìí, kò sí ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ tó kù nínú ilẹ̀ yẹn ló fi ń jẹun. Síbẹ̀, nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé mo fẹ́ gbẹ́ kòtò síbẹ̀ láti wo bí ìlà náà ṣe lọ, kò kọ̀.

Ó ní, “Gbẹ́ ẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí o dá pèrègún bàbá wa padà síbi tí o bá a.”

Mo hú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì gbẹ́lẹ̀ títí kòtò fi mù mí dé àyà. Àwọ̀ ewé náà ò lọ jìnnà. Nísàlẹ̀, ohun tó kù ò ju ìlà tín-ín-rín kan lọ, kò nípọn tó ìka ọwọ́ mi. Bàbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa torí ìyẹn la ọ̀nà wọnú igbó. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bàbá ni mi ò sọ fún. Mo ní ká dúró de àyẹ̀wò.

Bí mo ṣe ń da erùpẹ̀ padà ni ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé mi lọ fún òpin ọ̀sẹ̀ ń fun fèrè léraléra. Ilé epo kankan ò ta epo mọ́ nítòsí bọ́dà nígbà yẹn, ó sì ní ìwọ̀nba tó wà nínú táǹkì òun á gbé wa dé Ayétòrò tá a bá gbéra lójú ẹsẹ̀. Erùpẹ̀ kòtò náà rọ̀, pèrègún ò dúró. Mo bá gbé wọn kúrò níbẹ̀, mo ṣí ẹsẹ̀ bíi márùn-ún sápá ilẹ̀ Màmá níbi tí ilẹ̀ ti le, mo sì rì wọ́n mọ́bẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Mo ní tí mo bá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá tún un ṣe.

Mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò tún nǹkan kan ṣe. Ó rẹ̀ mí, mo sì ní òkúta mìíràn láti lọ wò. Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá lọ wa ẹ̀gẹ́, ó bá ebè méjì tó jẹ́ tirẹ̀ ní òdìkejì pèrègún. Bàbá, tí bàbà ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, ní ibi tí pèrègún wà ni ààlà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Olórí ẹbí pe àwọn méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe èmi náà.

Ó bi mí níbo ni mo gbìn ín sí. Mo wo Bàbá tí mo ń sùn sílé rẹ̀, mo rántí pé iṣẹ́ mi ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rántí epo tí kò sí. Mo ní, “Ibi tí mo ti hú u náà ni, sà.”

Mo rò pé èmi ni Màmá máa kọjú sí. Kò wò mí rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí.

“Ọmọ yìí ò mọ ẹnikẹ́ni níbí, kò nídìí tó fi máa parọ́. Ẹ̀yin lẹ lọ ṣí i lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

Bàbá fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ló ń sọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo sì ń wo ẹsẹ̀ mi. Olórí ẹbí ní níwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́rìí, ibi tí pèrègún wà ni kí ó wà.

Mo yege. Nínú ìwé tí mo kọ, mo ní bàbà ibẹ̀ kéré, kò lè pa owó. Kò sí ilé iṣẹ́ tó wá, kò sì dájú pé ìkankan máa wá. Mo di olùkọ́ ní Ìlaró, wọ́n ṣí bọ́dà, ìgbésí ayé ń lọ. Àmọ́ nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkúta, tí mo bá dé orí bàbà, ojú máa ń tì mí níwájú àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Ìsinmi ìparí ọdún kan ni mo tó ní ìgboyà láti padà lọ. Wọ́n ní Bàbá ti kú. Mo bá Màmá níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dá mi mọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní mo ti sanra. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: pé èmi ni mo gbin pèrègún síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, pé mo parọ́, pé Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo ti ṣètò ohun tó kù lọ́kàn mi. A ó pe àwọn ọmọ Bàbá, a ó jọ lọ sóko, èmi fúnra mi ni màá dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá ẹ̀gúsí.

Ó ní, “Ilẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ti dá ilẹ̀ padà fún mi. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí n wá máa ro ó, pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kí n ṣáà wá rí òun. Àmọ́ ó ní òun ò ṣí pèrègún. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó jẹ́wọ́ ná. Ó tún ránṣẹ́. Mo ní kó jẹ́wọ́ ná.”

Ó gbé igbá ẹ̀gúsí náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ṣé o rò pé mo lọ síbi tí wọ́n sin ín sí?”

Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde, èmi náà ò sì dìde.