Ìwé Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, inú ṣì máa ń bí mi. Ó ku ọ̀la kí ilé ìwé parí gbígba owó fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ọmọ mi obìnrin ò sì tíì san tirẹ̀. Owó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alájọ mi. Alájọ yìí kan náà ló ni ilé ìwòran tí à ń pè ní ulé bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa ní Ìkọ̀lé, níbi tó gbé díìṣì sórí òrùlé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó.

Èmi àtọmọ la jọ lọ bá a níbẹ̀. Ó ṣí ìwé àjọ, ó họrí.

"Tíṣà, owó yín ti dín. Mo ti yọ owó káàdì ọdún tuntun níbẹ̀."

"Káàdì wo? Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Àga yín ṣáà wà níbí."

Ẹni tó bá ra káàdì tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù ọdún kan níbẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti ń gbé àga wá. Tí bọ́ọ̀lù ọdún bá parí, yóò gbé e lọ. Òjò ló dá tèmi dúró lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ọdún tó kọjá parí. Ilé ìwé gba ìsinmi, mo kọjá sóko ní Ìrèlé. Mo sì ti búra fún ìyàwó mi pé n ò ní wo bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún yẹn.

"Ṣé àga lẹ́nu ni? Èmi tí mo lẹ́nu, o ò bi mí!"

Ariwo mi ló kó èèyàn jọ. Àṣé a pọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún! Baba kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí béèrè ibi tí alájọ ti sọ ọ́ fún wa rí. Alájọ ní ìwé rẹ̀ wà lára ògiri, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Háà! Ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí gbayawu mọ́ ògiri ní gbogbo ìgbà tí a bá wà níbẹ̀! Baba pa á dé, ó ní kọ́mọ mi kà á sókè.

"Àga tó bá pẹ́ ju oṣù méjì lọ níbí, a ó yọ owó káàdì tuntun lára àjọ ẹni tó ni ín. A kì í béèrè."

Ó yíjú sí mi.

"Bàámi, ọwọ́ yín mà nìyí."

Èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí alájọ ní ọwọ́ ìwé mi dùn-ún wò. Èmi gan-an ni mo fi "A kì í béèrè" kún un, nítorí àwọn tó ń fi àga dí àyè láìsanwó. Ẹ̀rín ni mo ń rín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

"Ẹni da eérú leérú ń tọ̀!" ẹnì kan pariwo. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Baba ní ọ̀rọ̀ tí a fi ilẹ̀kùn bò, a ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Kó dá owó oníkálukú padà. Alájọ bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

"Tíṣà ńkọ́?" alájọ béèrè.

Baba wò mí títí. "Ẹni tó kọ ọ́ ò lè ní òun ò mọ̀."

Ojú tì mí débi pé n ò lè jà mọ́. Àga ìrókò ni àga mi, bàbá mi ló ní kí wọ́n kàn án fún mi nígbà tí mo yege ìwé mẹ́wàá tèmi. Mo tà á lójú ẹsẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó. Owó fọ́ọ̀mù pé.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ọmọ mi bi mí.

"Bàámi, nígbà tí ẹ̀ ń kọ ọ́, ta lẹ rò pé yóò mú?"

Mo ní kó lọ sùn, oòrùn ò sì tíì wọ̀.