Obìnrin Tó Ń Pe Èèyàn Padà

Bí o bá fẹ́ jáde ní àdúgbò wa láìgbọ́ ohùn Àǹtí Hester Tranmer lẹ́yìn rẹ, àfi kí o gba orí òrùlé. "Padà wá, o gbàgbé agbòòrùn ẹ." "Percy, bọ́tìnnì ẹ ti já, padà wá kí n bá ẹ rán an." Àwọn apẹja ló sì máa ń pè jù. Wọ́n á kùn sínú, wọ́n á padà sílé lọ jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó tún jáde, nítorí ní etíkun tiwa níbí, níbi tí odò Tẹ́msì ti ń wọ inú òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í pe apẹja padà. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá pè é, tàbí tó sáré tẹ̀ lé e, òkun ló ń bá pè é. Bàbá mi lọ sójú omi láìwọ ibọ̀sẹ̀ nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní, ìyá mi sì jókòó pẹ̀lú ibọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́.

Àwọn èèyàn ń fi Àǹtí Hester ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń se ìṣáwùrú nínú àgọ́ etí omi fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì mọ ohun tó fà á.

Ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1940 ni. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti lé àwọn ọmọ ogun wa títí dé etí òkun ní Dunkirk nílẹ̀ Faransé, lódìkejì omi. Ìbọn ńlá ń dún níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé fèrèsé wa ń gbọ̀n. Omi etíkun yẹn kò jìn, ọkọ̀ ogun kò lè súnmọ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ náà sì wà nínú omi tó mù wọ́n dé àyà, tí bọ́ǹbù ń já lé wọn lórí. Ọkọ̀ ìṣáwùrú tiwa, tí ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì lè jókòó sórí ẹrẹ̀, ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí àwọn ológun ojú omi ṣe ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn: kí gbogbo ọkọ̀ ṣetán kó tó di ọ̀sán.

Hester ti rẹ aṣọ sínú ọpọ́n. Ó da omi náà nù kíá, nítorí obìnrin kì í fọṣọ lọ́jọ́ tí ọkọ ẹ̀ ń lọ sójú omi. Ìyá ọkọ ẹ̀, Màmá Keziah, ń wò ó láti ibi ààrò. Òkun ti gba ọkọ àti àkọ́bí ìyá yìí. Ó wá ń ṣọ́ èèwọ̀ bí ẹni tí olè ti jà nílé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Wilf, ọkọ Hester, ń ki búrẹ́dì àti tábà sápò. "Hester, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kan ni mo fẹ́ lọ kó wálé."

"Ojú ogun lò ń lọ, o wá ń sọ ọ́ bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì."

"Tó bá jẹ́ búrẹ́dì ni, Màmá á ti ní kí n bá àwọn rà."

"Ẹnu ẹ ni yóò kọ́kọ́ rì," ni Màmá Keziah wí. "Gba ọ̀nà lọ jàre. Omi kì í dúró de aláròyé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde. Hester yíjú padà, ó sì rí bẹ́líìtì kọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, tó so rọ̀ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn apẹja wa kì í kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wilf kò tíì dé géètì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni láti ẹnu ilẹ̀kùn. Hester la ẹnu. Màmá Keziah ti rí bẹ́líìtì náà, ó ti rí ẹnu Hester, ó sì mi orí pé rárá.

"Wọ́n á fún un ní òmíràn nínú ọkọ̀ ogun," ni ìyá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Hester pa ẹnu dé. Géètì dún.

Lọ́jọ́ kẹrin, Sid Oakes, tí òun àti Wilf jọ lọ, wá sílé Hester pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Èmi ni mo gbé tíì wá. Ó ní àwọn kó ọmọ ogun láti etíkun lọ sínú ọkọ̀ ńlá nígbà méje. Nígbà kẹjọ, bọ́ǹbù já lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkọ̀ sì dojú dé.

"Mo bi í pé, 'Wilf, bẹ́líìtì ẹ dà?' Ó di pákó kan mú. Ó ní, 'Ó wà lórí ìṣó nílé. Hester á fi nà mí tí mo bá dé.' Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó tó wákàtí kan tó fi di pákó yẹn mú, kí òtútù tó tú ọwọ́ ẹ̀. Ká ní ó wọ̀ ọ́ ni, à bá jọ délé."

Kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó ń gbọ́ ọ. Hester tún ń bu tíì sí ife Sid títí ó fi kún àkúnya sórí tábìlì. Màmá Keziah dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọdún méjìlélógún ni opó méjèèjì fi gbé inú ilé yẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ èédú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ológbò. Wọn ò sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì rí, kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò lórí ìṣó. Èmi ni Hester kọ́kọ́ pè padà, nígbà tí mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi. Màmá Keziah wà nínú ilé, ó gbọ́, kò sì bá a wí.

Ọdọọdún ni àwọn ará àdúgbò ń kóra jọ sí èbúté, wọ́n á ní ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọmọ ogun tó padà láti Dunkirk. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Hester kì í lọ. Ó ní, "Wọ́n mọ iye tó padà. Èmi mọ ẹni tí mi ò pè." Ó dùn mí nígbà tó sọ ọ́, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú òtútù ọdún 1962, Màmá Keziah ń lọ. Mímí ẹ̀ ti ń jìnnà síra. Hester tẹ̀ sí etí ẹ̀.

"Màmá, ẹ padà wá."

Ìyá arúgbó la ojú. "O pè mí?"

"Mo pè yín, Màmá."

"O la ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ẹ. Èmi ni mo mi orí." Ó sinmi. "Ọmọ tí mo bí ni, Hester. Èmi ni mo mi orí."

Hester di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó sunkún tí mi ò rí i kó sun lọ́jọ́ tí Sid wá. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá náà dákẹ́.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, Hester ní kí n lọ dúró nídìí géètì, kí n kọ ẹ̀yìn sílé. Mo lọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó yẹn, ó sì pè, kò pariwo rárá, bí a ṣe ń pe ẹni tó wà nínú yàrá kejì.

"Wilf."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé o gbọ́?"

Ó wù mí kí n purọ́ pé mi ò gbọ́, kó lè gbà pé Wilf náà kò ní gbọ́. "Mo gbọ́, Àǹtí," ni mo sọ.

Ó mi orí pé ó dáa, ó sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná.