Òróró Kóró Dúdú Tí Mo Gbé Fún Bàbá Mi

Èmi ni mo gbé òróró kóró dúdú wọ ilé wa, èyí tí àwa Mùsùlùmí ń pè ní habatu sáúdà. N kò rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi.

Lẹ́yìn asalátù ọjọ́ Àìkú kan ni, ní Àgbowó. A ti ṣàdúrà tán, a ń ká ẹní, ni ìyá kan tó máa ń ta ìbòrí fún wa bá kó igò kéékèèké jáde. Láti ilé kéú ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìwòsàn wà nínú kóró yìí. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́ títí dòní. Ìyá náà ní ọkọ òun tó ní àrùn ṣúgà ti ń sáré káàkiri bí ọmọdé.

Ẹnì kan ní, "Àlàájà, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì ló ń sáré lọ báyìí?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òróró mi náà ló fún un lágbára."

Mo ra igò kan fún bàbá mi. Télọ̀ ni wọ́n ní Dùgbẹ̀ kí ojú wọn tó di bàìbàì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ṣúgà. Dókítà wọn ní Ring Road ti ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́, ìyẹn ló sì dùn wọ́n ju àrùn náà lọ. Nínú oṣù Ràmàdáànì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá wọn kí wọ́n tó jẹun, bí ẹni tó ń jalè.

Wọ́n gbóòórùn igò náà, wọ́n fajú ro. "Kí lèyí? Epo máṣíìnì?"

"Bàbá, ẹ ṣáà mu ṣíbí kan."

"Ó dáa. Bí apá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ fúnra rẹ̀, ìwọ lo fà á."

N kò ní purọ́ mọ́ òróró yẹn. Ẹsẹ̀ tó máa ń ta wọ́n bí ata rọlẹ̀. Wọ́n ń sùn dáadáa. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó ku bí oṣù kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣúgà wọn ti wálẹ̀ débi pé dókítà obìnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ṣé ẹ ń mu àgbo mọ́ oògùn wa?"

"Àgbo kẹ̀? Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, àgbo ò kàn mí lẹ́nu."

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Lójú wọn, àti lójú tèmi náà, habatu sáúdà kì í ṣe àgbo, sùnnà, ìlànà Ànábì, ni. Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú báàgì mi lórí itan, n kò dárúkọ òróró náà. Dókítà tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbààwẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, wọ́n ní, "O gbọ́? Ó ní ṣúgà mi dáa."

"Ó ní kẹ́ ẹ má gbààwẹ̀ náà, Bàbá."

"Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Kò mọ ohun tí Ọlọ́hun ti ṣe."

Ó yẹ kí n jà. Ṣùgbọ́n inú wọn dùn, inú tèmi náà sì dùn.

Ràmàdáànì dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń lo oògùn ọsibítù. Níwọ̀n bí nǹkan kan kò ti gbọ́dọ̀ kan ẹnu lọ́sàn-án, a kó ti ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti àárọ̀, wọ́n lo méjèèjì ní sààrì, kí ọ̀kan má baà fò wọ́n. Mo tún wọn òróró ṣíbí méjì lé e. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin ààwẹ̀, wọ́n ń kírun Àlàásárì ní pálọ̀. Mo kọjá, mo rí wọn ní ìforíkanlẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń fa àdúrà gùn ni, àní mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé Ọlọ́hun dá ààwẹ̀ wọn padà fún wọn. Mo lọ bẹ iṣu ìṣínu. Mo bẹ ẹ́ tán, mo gé e, mo gbé e kaná. Nígbà tí mo padà dé, iwájú orí wọn ṣì wà nílẹ̀, ara wọn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ti rin ẹní náà gbingbin.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí wọn lára. Dókítà bi mí ohun tí wọ́n lò, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un.

"Oògùn tiwa ń fa ṣúgà wálẹ̀," ló wí. "Òróró yẹn náà lè fà á wálẹ̀. Ẹ wá da oògùn ìgbà méjì pọ̀, ikùn tún ṣófo. Kí ló kù tí ọpọlọ máa jẹ? Èé ṣe tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, màmá?"

"Àgbo lẹ bèèrè, dókítà."

Ó fa ìwé bàbá mi sọ́dọ̀, ó kọ òróró náà sí i.

Bàbá mi là á já. Mo dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin asalátù ṣì máa ń bi mí bóyá òróró náà dára. Mo máa ń sọ pé ó dára, pé ẹsẹ̀ bàbá mi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé igò náà fún dókítà rí kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti dín kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọpọlọ bàbá mi ló padà. Lójú wọn, ojoojúmọ́ ni Ràmàdáànì. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, wọ́n á tì í sẹ́yìn.

"Oòrùn ò tíì wọ̀."

"Ó ti wọ̀, Bàbá. Wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gàríbì."

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

Ìgbà náà ni wọ́n á tó sọ bísímílà. Mo máa ń fa aṣọ bo fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má baà já mi nírọ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Lọ́jọ́ kejì, màá tún pa irọ́ kan náà.