Ẹ Káàárọ̀, Sà

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Bàbá ẹ̀ ń gẹ irun. Bàbá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń rán bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ògiri kan ló wà láàárín wọn. Láti kékeré làwọn ọmọ méjèèjì ti jọ ń rìn, tí wọ́n sì jọ ń jà.

Ìgbà tí wọ́n dé kíláàsì tuntun lojú wá là. Àwọn ọlọ́lá mẹ́ta wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tó ní mọ́tò. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé ni kí wọ́n máa wo bàtà ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n pe ọmọ onígbàjámọ̀ sórí bẹ́ǹṣì wọn. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ibi tí tiẹ̀ wà.

"Ta nìyẹn sí ẹ? Èyí tó ń rùn bíi gọ́ọ̀mù yẹn."

"Bàbá ẹ̀ ló ń tún bàtà wa ṣe. Oníbàárà wọn ni wá."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dìde lójú gbogbo kíláàsì, ó tẹrí ba fún ọmọ onígbàjámọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé bàtà yín ò tíì já?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́lá ló rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, "ẹ" lọ, "ẹ" bọ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìyá ọmọ onígbàjámọ̀ dúró. "Àgbà wo lò ń kí báyìí?"

"Oníbàárà wa ni, mà."

Ìyá yíjú sọ́mọ ẹ̀. "Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan." Irọ́ náà ò gùn, ó kàn nípọn ni.

Ó ti di ẹni ọ̀wọ̀, kò sì rẹ́ni bá jà mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó bọ́ bàtà ẹ̀ kan tí kò sí nǹkan tó ṣe é, ó fà á títí, kò ya. Bàbá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló rán an, ó sì mọṣẹ́. Ọmọ náà bá ki eyín bọ̀ ọ́, ó ya. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìkan ló bá.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ mú un wá." Ó yí bàtà náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Àpá eyín rèé."

Ọmọ onígbàjámọ̀ ń wolẹ̀.

"Ìwọ òpònú yìí! O fẹnu fa bàtà ya?"

Èébú ò dùn mọ́ ọn báyìí rí. "Mo parọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Jókòó. Di ibí mú."

Àwọn ọlọ́lá ń kọjá lọ, wọ́n fọwọ́ bomú. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣiṣẹ́." Kò gbójú sókè.

Búrẹ́dì gbígbẹ ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi jẹ ẹ́. Eyín ń dùn ún.